Hóró Tí Kòkòrò Sá Fún

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ ba Ìyá Àká lẹ́rù. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí àgbàdo mọ̀ pé àgbàdo inú àpò kì í dákẹ́. Bó ti wù kí èèyàn sá a gbẹ tó, kòkòrò díẹ̀ á ṣẹ́kù, wọ́n á máa rìn, wọ́n á máa gbẹ́ hóró, etí tó bá ṣí dáadáa á sì gbọ́ wọn bí ẹni ń fi èékánná ha pákó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oòrùn mú páànù orí àká títí ó fi ń dún. Obìnrin náà gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó wo ilẹ̀. Àwọn kòkòrò náà ló ń lọ yẹn. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti ìdí àpò kan ṣoṣo, wọ́n rọra ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sínú oòrùn tí irú wọn kì í fẹ́. Kò sí èyí tó yà, kò sí èyí tó wẹ̀yìn. Àpò tí wọ́n ń sá fún ni àpò tí wọ́n fi aṣọ búlúù lẹ̀ nídìí. Àpò baba rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹgbẹ́ wa ṣe rí, kí ẹ lè mọ ohun tí a fẹ́ pàdánù. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ẹni tó dàgbà jù nínú wa. Àwọn tó dá a sílẹ̀ kò fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe ogún fún wa. Àká kan ni wọ́n fi sílẹ̀, àti ilẹ̀ tí àká wà lórí rẹ̀, àti irúgbìn. Tí a bá kórè tán, olúkúlùkù á gbé àpò irúgbìn tirẹ̀ wá. Tí òjò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó pín in, kí ọ̀dá tó pa oko ẹnì kan má baà pa ilé rẹ̀. Olùṣọ́ kan ló ń tọ́jú àká. Òun ló ń fi eyín fọ́ hóró láti inú àpò kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó gbẹ. Lọ́jọ́ ìṣíde, ọjọ́ tí a ń ṣí àká láti pín irúgbìn, òun náà ló ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá, tí á sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi lélẹ̀: “A kó o wọlé, a ò sin ín. A kó o jáde, a ò tà á.” Láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu olùṣọ́ jáde, irúgbìn kankan kò gbọdọ̀ kúrò nínú àká. Olùṣọ́ tó bá dé ibẹ̀ tí kò lè sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó di ti igbákejì.

Baba Ìyá Àká ló ṣọ́ ọ títí ó fi kú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, lọ́jọ́ ìṣíde nìkan la máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. A ní ìwà rẹ̀ ni. Nígbà tó kú, ẹgbẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, ẹnì kan láàárín wa sì bínú.

Ọwọ́ Ìyá Àká ti wọnú àpò náà kó tó ronú. Ẹ má dá a lẹ́bi. Àgbẹ̀ kì í mú hóró àgbàdo lọ́wọ́ kó má fi kan eyín; bí a ṣe ń mí la ṣe ń ṣe é. Hóró náà ti kan ètè rẹ̀ kó tó rántí ohun tó wà nílẹ̀. Ó jù ú síta fún adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn àká. Adìẹ sáré wá, ó na ọrùn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣa nǹkan kan.

Ìyá Àká ti ilẹ̀kùn.

*

Ẹni tó bínú ni Igbákejì. Ọmọ àbúrò baba Ìyá Àká ni, ó dàgbà ju obìnrin náà lọ dáadáa, “Bùrọ̀dá” ló ń pè é láti kékeré. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ oko. Baba tirẹ̀ náà ti ṣe igbákejì rí kó tó kú. Baba Odi la mọ bàbá náà sí, nítorí kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kan sì ní wọn kò bí i bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ fò ó, Igbákejì rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo wa, ó bọ ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ra àká àti ilẹ̀ rẹ̀, kí àwọn máa kó sìmẹ́ǹtì sí i. Igbákejì fẹ́ kí a tà á, wọ́n ti ṣèlérí ipò ọ̀gá fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé olùṣọ́ gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Ìyá Àká sì ti sọ fún un pé ẹnu òun ò ní sọ irú ẹ̀ láyé. Igbákejì gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé, ó jókòó tì í. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ló dí i lọ́wọ́, ẹnu náà ni kó mójú tó.

Lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn télọ̀, yàrá kan wà tí kò ní fèrèsé, ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ń rán àpò tó ya. Aránpò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì fẹ́ràn kó máa wo èèyàn lójú. Igbákejì kó àpò ẹgbẹ́ mélòó kan lọ síbẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, gbogbo èèyàn ló rí i, kò sì sí ẹni tó fura. Ìtúnṣe àpò ṣáà wà lára iṣẹ́ igbákejì.

Aránpò fọwọ́ pa àpò aláṣọ búlúù lára, ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ti lẹ̀ ẹ́ rí. Ó bi í níbo ló ti ya.

“Kò ya,” ni Igbákejì wí. “Ẹnu ẹnì kan ló ya jù.”

“Kí lo fẹ́ kó ṣe é?”

“Kí ó pa dé. N ò ní kó kú o.”

“Mi ò bi ẹ́ léèrè ikú.”

Ó ní kó mú ohun tó ti wọ ẹnu ẹni náà wá. Igbákejì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tú bébà kan, ààbọ̀ hóró àgbàdo ló wà níbẹ̀, èyí tí Ìyá Àká fi eyín fọ́ tó sì tu sílẹ̀ nínú àká. Aránpò gbà á, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì fi òwú bọ abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀. Ó ń bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Igbákejì gbọ́ tí abẹ́rẹ́ ń wọ nǹkan, ohun tó sì ń wọ̀ kò dún bí àpò. Ó gbójú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo àwọn tó ń kọjá, kò wẹ̀yìn títí obìnrin náà fi ní ó ti parí.

“Da irúgbìn ẹ̀ padà sínú ẹ̀,” ni Aránpò wí. “Ẹnu ẹni tó gé hóró yẹn ni mo rán an mọ́. Tó bá ti fọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ṣọ́ ẹnu ẹ.”

“Mi ò kì í ṣe ọmọdé.”

“Mi ò pè ẹ́ lọ́mọdé. Àgbẹ̀ ni mo pè ẹ́.”

Igbákejì rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Ẹni tó bá wò ó lọ́nà lọ́jọ́ náà á rò pé ibi ìgbéyàwó ló ń lọ.

*

Ọ̀dọ̀ Agbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ obìnrin, ni Ìyá Àká sá lọ. Obìnrin yìí ló gba ìdajì àdúgbò wa sáyé kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ojoojúmọ́ ló ṣì ń se sísọ́ọ̀sì tó ti fi ń gé ìwọ́ ọmọ nínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń bímọ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwa la máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ó fẹ́ fi ṣe ọbẹ̀. Àwọn tó ti rí ohun tó lè ṣe kì í bá wa rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí Ìyá Àká mú ọwọ́ tó ki bọ àpò wá. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó wá tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ta ló gbé àpò náà jáde?”

“Bùrọ̀dá ni, Màmá. Wọ́n ní ìdí ẹ̀ fẹ́ ya.”

“Ṣé ó ya?”

Ìyá Àká ronú. Kò rántí pé ó ya.

Agbẹ̀bí dìde, ó fọwọ́ tálẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú òkúta kan jáde. Òkúta odò ni, ó dán, kò ju hóró ẹ̀wà lọ púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì tẹ̀ wọlé bí ẹni pé eyín ti ń simi níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ó ní kó fi sábẹ́ ahọ́n. Ẹnu tí nǹkan ti wà nínú rẹ̀, nǹkan mìíràn kì í rí àyè wọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fọ́ hóró kankan, bó bá sì fẹ́ jẹun, kó wá jẹ ẹ́ níwájú òun, títí oògùn yẹn á fi kúrò nílẹ̀.

“Àgbàdo náà ńkọ́?”

“Dà á sí omi tó ń ṣàn. Gbogbo ẹ̀ pátá. Omi á gbé e lọ, oògùn á dòfo, ìwọ àti bùrọ̀dá ẹ á sì jọ máa gbé ayé yín lọ.”

“Tí n bá fún ẹlòmíì ńkọ́, Màmá?”

Omi sísọ́ọ̀sì ń hó lórí iná. Agbẹ̀bí fa igi iná kan sẹ́yìn.

“Á ṣiṣẹ́ lára onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n rán an sí. Oògùn tí kò bá ẹni tí wọ́n rán an sí kì í sùn, á máa wá a kiri ni. O ò ní lè yọ òkúta yìí mọ́. Má lò ó, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́.”

Ìyá Àká bi í pé ta ló ti lo òkúta náà rí. Agbẹ̀bí ní sísọ́ọ̀sì òun ti jinná, ó yí ẹ̀yìn sí i.

*

Ìròyìn dé etí Igbákejì pé ohùn Ìyá Àká ti lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹbí ṣe ń kí ẹbí. Ìyá Àká bá a gbé àga, òkúta ti wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó kàn ń wò ó.

Ó bá a dárò. Ó ní ayé le, ó ní òun kò sùn láti ìgbà tí òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn. “Àbúrò mi, ìwọ ṣáà gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi báyìí, kí ojú má baà tì ẹ́ níwájú èrò lọ́jọ́ ìṣíde. Ṣé o rí i, iṣẹ́ yẹn ti ju agbára ẹ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ẹ tó kọ́ ẹ níṣẹ́ yẹn ló ṣe ẹ́ ní nǹkan.” Ó wá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ tó fẹ́ tà lára.

Ìyá Àká mi orí. Igbákejì ṣí fìlà kó lè nu òógùn iwájú orí rẹ̀, kòkòrò àgbàdo kan já bọ́ láti inú fìlà náà sórí itan rẹ̀. Ó gbá a dànù. Òmíràn ti wà létí rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bá wọn nínú ife omi. Ó bá wọn nínú bàtà, nínú iyọ̀, nínú apá ẹ̀wù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbá ilẹ̀ títí ọwọ́ fi ro ó, ó ní, “Bàbá, àwọn kòkòrò yìí mà rò pé àgbàdo ni yín o.” Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin wọn tó ti ní oko tirẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Igbákejì kò rẹ́rìn-ín. Ó ra apakòkòrò, ó fọ́n ọn títí gbogbo ilé fi ń sín. Wọ́n kú sílẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti. Nígbà tó jí láti ojú oorun ọ̀sán, àwọn mìíràn ti tò sára ògiri, gbogbo wọn kọjú sí ibùsùn rẹ̀, wọ́n dúró jẹ́ẹ́.

Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Aránpò. Obìnrin náà kò ṣílẹ̀kùn, inú yàrá ló ti dá a lóhùn.

“Ṣé ó ti fọ́ ọ?”

“Ohùn ẹ̀ ti lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀.”

“Mi ò bi ẹ́ nípa ohùn. Ṣé ó ti fọ́ ọ?”

Igbákejì kò rí i kó fọ́ ọ. Kò fẹ́ gbọ́ ohun tí obìnrin náà máa sọ tó bá sọ òótọ́, ló bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Aránpò ní tó bá ti fọ́ ọ, ó parí, oògùn ti jẹun yó, kò tún sí ohun tó wà nínú àgbàdo náà mọ́. Ọkàn ọkùnrin náà balẹ̀ sórí irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa.

*

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ tí ìṣíde ku ọ̀la, Ìyá Àká gbé àpò baba rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó tì í lọ sódò. Òkúta wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ó ti pinnu láti ṣe ohun tí Agbẹ̀bí wí, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

Ó tú ẹnu àpò, ó ń dà á. Àwọn ẹja wá láti ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wá tí oúnjẹ bá bọ́ sómi. Wọ́n dé ibi tí àgbàdo ti ń rì, gbogbo wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì ṣófo. Ìyá Àká ń dà á lọ. Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín yẹ́ẹ́, níbi tí Igbákejì gbé ọwọ́ lé. Ó rántí bó ṣe ń fọwọ́ pa á lórí. Ó rántí baba rẹ̀ nínú pósí, tí ọkùnrin yìí na ọwọ́ kọjá lórí òkú láti béèrè kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó dé e pa. Ó rò pé bí òun bá da gbogbo rẹ̀ sómi, á tún padà lọ rán òmíràn. Kò sí ohun tó máa dá a dúró. Inú bí i, ó sì kórìíra ọkùnrin náà ju bó ṣe fẹ́ràn ara rẹ̀ lọ.

Ó ki ọwọ́ bọ ìdí àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì kó o sápò ẹ̀wù rẹ̀. Ìyókù ló jẹ́ kí omi gbé lọ.

*

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣíde. Gbogbo ẹgbẹ́ ló pé. Alága wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, Ìyá Àká dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá, kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni igbákejì máa ń dúró. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà wá, ó wọ bàtà tó ń dán, ó ń fi aṣọ ìnujú bo imú nítorí eruku.

Alága ké sí olùṣọ́ kó sọ̀rọ̀. Ìyá Àká kò dáhùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alága ní kí a fún un láyè díẹ̀, pé òun máa tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá dáhùn, kí ó bọ́ kọ́kọ́rọ́. Àwọn obìnrin kan ti ń nu ojú. Igbákejì tẹrí ba, ó ń fi ọwọ́ nu òógùn tí kò sí níwájú orí rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa á sì rí i pé ẹ̀rín ló ń gbé mì.

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ sún mọ́ ọn. Ó ní òun ò fẹ́ dá wọn lẹ́nu, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rinrin wà nínú ilé náà. Sìmẹ́ǹtì kì í fẹ́ ọ̀rinrin.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún àgbẹ̀ tó wà nínú Igbákejì. Ẹ má gbàgbé pé òun náà ti lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú àká yẹn. Ó ní ọ̀rinrin kẹ̀, àwọn baba àwọn kọ́ ọ ni, páànù yẹn ò jò rí, kí ọkùnrin náà wo àgbàdo tí àwọn ń kó jáde níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, kò wẹ̀yìn, bí ẹni tó ti mọ̀ pé ohun tí òun bá béèrè á bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Ìyá Àká ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù. Mo rí i. Ó dúró díẹ̀, àgbàdo wà nínú ìkúùkù rẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn orí Igbákejì. Lẹ́yìn náà ó ṣí ọwọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín,” ni Igbákejì wí fún ọkùnrin náà, ó mú hóró kan, ó sì fi eyín fọ́ ọ.

Kà.

Ó dún dáadáa. Àgbàdo tó gbẹ ni. Inú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ìgbà tí Igbákejì fẹ́ tu èèpo rẹ̀ dànù ni ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ó gbìyànjú. A rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú àgbọ̀n, ó ń fà á, ètè rẹ̀ sì pa dé pinpin bí ẹnu àpò tí wọ́n rán. Ó yíjú sí Ìyá Àká. Ó ti mọ̀. Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ ju ti ọmọ kékeré lọ, mo sì kórìíra pé mo rí i.

Alága, tí ojú rẹ̀ kò ríran dé ọ̀dọ̀ wọn, tún ké sí olùṣọ́. Ìyá Àká tu òkúta sí àtẹ́lẹwọ́.

“A kó o wọlé, a ò sin ín,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì le. “A kó o jáde, a ò tà á.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn èèyàn ń pariwo ayọ̀. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ ti ń wá ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Láàárín ariwo náà, Ìyá Àká gbọ́ ohun kan létí rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń wọ nǹkan, tó ń jáde, tó tún ń wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ètè òun ń fà mọ́ra. Kíá ló dá òkúta padà sẹ́nu.

Kò yọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà, àfi níwájú Agbẹ̀bí tó bá ń jẹun, àti lọ́jọ́ ìṣíde, ìwọ̀nba àkókò tí ọ̀rọ̀ wa fi ń jáde.

*

Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tán, tí ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Ó ní kí ẹnì kan ṣáà mọ̀ ọ́n kí òun tó lọ. Ó ní òkúta yẹn, ẹnu àbúrò òun, baba Ìyá Àká, ló ti wà. Ó ní òun bẹ ọkùnrin náà nígbà yẹn pé kó da gbogbo rẹ̀ sómi, kó má lò ó. Ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi odò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́.

Mo bi í pé ta ló fún.

“Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni,” ló wí. “Bàbá Igbákejì. Ṣé ẹ̀yin náà rò pé wọ́n bí i lódi ni?”

Àká ṣì wà. Irúgbìn ṣì ń pé. Tí àwọn àlejò bá wá, wọ́n máa ń yìn wá pé ẹgbẹ́ wa ti pẹ́, wọ́n á béèrè ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ tó mú wa dúró, àwa á sì nawọ́ sí àká. Igbákejì ṣì máa ń wá sípàdé, omi ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ín-rín kán sí i nímú ló gbé e ró. Tí a bá pín irúgbìn tirẹ̀ fún un, ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń gbé hóró kan lọ sẹ́nu. Hóró á kan ètè, á dúró níbẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ la fi ṣe igbákejì lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ gidi ni, ó mọ iṣẹ́ oko, ó sì máa ń kí Ìyá Àká pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Lọ́sàn-án àná, mo pàdé rẹ̀ lọ́nà ìsọ̀ àwọn télọ̀, ó ká àpò aláṣọ búlúù sí abíyá. Mo bi í pé níbo ló ń gbé e lọ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ìdí rẹ̀ ti ń ya, òun fẹ́ lọ rán an.

Mo wo ìdí àpò náà. Kò ya.